Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, Oníṣẹ́ Ọnà àti Iná: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọnà Dígí láti Ilé-Ifẹ̀ dé Bídà àti Lọ́kọ́ja

1.0 Ìfáárà

Ní Lọ́kọ́ja ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Lẹ́yìn tí William Balfour Baikie tẹ ibùdó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1860, ìlú náà di ojúkò òwò láàárín etíkun àti òkè odò. Ọtí inú ìgò wà lára ẹrù tí àwọn oníṣòwò Òyìnbó ń kó gba ojú Odò Ọya gòkè. Bí wọ́n bá mu ọtí tán, ìgò a ṣẹ́ kù. Ní Bídà, ní ilẹ̀ àwọn Tápà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Nupe, ìgò òfìfo kì í ṣe ohun ìdànù. Àwọn oníṣẹ́ dígí a fọ́ ọ, wọn a yọ́ ọ nínú iná, wọn a sì fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́.

Ìlú Lọ́kọ́ja yìí kan náà ni Frederick Lugard ti bẹ̀rẹ̀ ìṣàkóso ilẹ̀ Àríwá Nàìjíríà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí mùsíọ́ọ̀mù, wà níbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìtàn ìmúnisìn. Bí a bá wo ọ̀nà tí ìgò gbà láti ọwọ́ oníṣòwò dé ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà, a ó rí i pé ìtàn ìmúnisìn àti ìtàn iṣẹ́ ọnà dígí ti lọ́ mọ́ ara wọn ní agbègbè yìí.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni àjọṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti oníṣẹ́ ọnà lè ṣe fún iṣẹ́ ọnà dígí ní àkókò tiwa? Ohun tí a tẹnu mọ́ níbí ni pé nǹkan mẹ́ta ni ó gbé iṣẹ́ náà ró: ohun tí a ti ṣe parí, iná tí a fi ṣe é, àti orúkọ tí a ń pè é. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó bá tọ́jú ohun tí a ti ṣe parí nìkan, tí ó sì fi iná àti orúkọ sílẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. A ó kọ́kọ́ yẹ èdè wò, a ó sì lọ sí Ilé-Ifẹ̀, Bídà àti Toledo ní Amẹ́ríkà, kí a tó padà sí Lọ́kọ́ja.

2.0 Dígí àti Ìlẹ̀kẹ̀ nínú Èdè Yorùbá

Èdè Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ohun tí a fi dígí ṣe. Èyí tí a fi ń wo ojú, tàbí tí a fi dí ojú fèrèsé, ni dígí. Èyí tí a ń rọ epo tàbí ọtí sí ni ìgò. Èyí tí a fi ń mu omi ni ife tàbí gíláàsì. Èyí tí a sín sí ọrùn, ọwọ́ tàbí ìdí ni ìlẹ̀kẹ̀, ìbáà ṣe dígí, òkúta, egungun tàbí irin ni a fi ṣe é. Ìlò ni orúkọ ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí a fi ṣe nǹkan. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà ‘dígí’ dúró fún ohun tí iná yọ́ láti inú yanrìn, ohun yòówù tí ì báà dà lẹ́yìn náà.

Abẹ́ orúkọ kan yìí, ìlẹ̀kẹ̀, ni ìmọ̀ púpọ̀ fara pamọ́ sí. Iyùn kì í ṣe sẹ̀gi, bẹ́ẹ̀ ni sẹ̀gi kì í ṣe làǹtànà. Inú òkun ni iyùn ti wá. Sẹ̀gi ni ìlẹ̀kẹ̀ dígí aláwọ̀ aró tí ó níyì lọ́rùn ọba àti ìjòyè. Làǹtànà, tí Ìlọrin fi lókìkí nígbà kan, òkúta pupa ni wọ́n ń gbẹ́ tí wọ́n ń dán títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí ó mọ èdè mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí kí ó tó fojú kan ìlẹ̀kẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí orúkọ ènìyàn bíi Iyùnadé àti Sẹ̀gilọlá fi ní ìtumọ̀ kíkún. Nígbà tí I. B. Thomas pe ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá nínú ìtàn tí ó jáde nínú ìwé-ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 sí 1930, kò sí òǹkàwé kan tí ó nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún un pé orúkọ ohun ẹ̀ṣọ́ olówó iyebíye ni ó wà nínú rẹ̀.

Àkọlé tí a máa ń rí lára ìlẹ̀kẹ̀ nínú àpótí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í sábà sọ báyìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Yóò sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ dígí ni, yóò sọ ibi tí wọ́n ti wú u jáde àti ọ̀rúndún tí wọ́n ṣe é. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ṣe é ti gba ipò orúkọ rẹ̀, ipò tí ó wà láàárín àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yòókù sì ti sọnù.

Ọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń ṣe dígí tún ṣòro ju èyí lọ. Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ní èdè tirẹ̀ tí kò tíì parun: ẹwìrì, owú, ọmọ owú, ẹ̀mú, iléru. Ọmọdé tí kò dé ilé àgbẹ̀dẹ rí lè gbọ́ wọn nínú òwe àti ìjálá. Ti iṣẹ́ yíyọ́ dígí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ àròkọ lórí rẹ̀ ní èdè Yorùbá lónìí ní láti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ àti amọ̀kòkò. Ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí, fún àpẹẹrẹ, ni a ní láti fi gbólóhùn júwe, tàbí kí a pè é ní ìkòkò ìyọ́dígí, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ yìí ti ṣe. Nígbà tí iná kú, èdè inú iléru bá a lọ.

3.0 Ìgbó Olókun: Ohun tí a Tọ́jú, Iná tí ó Kú

Olókun ni Yorùbá mọ̀ gẹ́gẹ́ bí òrìṣà omi àti ọrọ̀. Igbó tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní apá àríwá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó bá àwọn ènìyàn níbẹ̀ tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ igbó náà láti rí ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ tí wọn yóò tà. Òun náà wà á, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí dígí oríṣiríṣi àwọ̀ ti gan mọ́ nínú. Ṣùgbọ́n èrò Frobenius kò jẹ́ kí ó gbà pé àwọn ará ilẹ̀ yìí ni ó ni ọgbọ́n tí ó wà nídìí ohun tí ó rí. Ó so ọ̀làjú Ilé-Ifẹ̀ mọ́ Atlantis, ilẹ̀ inú àlọ́ àwọn Gíríìkì.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀rọ̀ Atlantis gbọ́, síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé dígí tí ó ti òkèèrè wá ni àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Ọ̀mọ̀wé Ọmọ́tọ̀ṣọ́ Ẹlúyẹmí, awalẹ̀pìtàn tí ó padà di olórí àjọ tí ó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà, kọ iṣẹ́ lórí ọgbọ́n ṣíṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà ní 1987. Ní 2006, James Lankton, Akin Ìgè ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Thilo Rehren tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n yẹ ohun tí ó para pọ̀ di dígí náà wò, wọ́n sì rí i pé ẹfun òkúta àti èròjà alumínà inú rẹ̀ pọ̀ lọ́nà tí kò bá ti dígí ilẹ̀ Lárúbáwá, ti Íńdíà tàbí ti ilẹ̀ Yúróòpù mu. Dígí tí ó ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ yìí ni ó ti wá.

Abídèmí Babátúndé Babalọlá wa ilẹ̀ Ìgbó Olókun láàárín 2011 sí 2012. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000, ó tún rí àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí àti ìdọ̀tí dígí tí ó wúwo tó kílò bíi mélòó kan. Ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017 fi iṣẹ́ náà sí àárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú kí ọkọ̀ Òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ní 2018, wọ́n tẹ àbájáde àyẹ̀wò ìlẹ̀kẹ̀ 52 jáde. Ó fi hàn pé yanrìn tí ó wá láti ara òkúta líle àdúgbò náà ni wọ́n fi ṣe dígí, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n máa fi karahun ìgbín kún un kí ẹfun rẹ̀ lè tó. Irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti rí ní ọ̀nà jíjìn, títí dé Gao ní ilẹ̀ Mali.

Ipa ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nínú ìtàn yìí kò kéré. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀ ń tọ́jú àwọn ère idẹ àti amọ̀ sísun tí ìlẹ̀kẹ̀ kún ọrùn àti àyà wọn. Ẹni tí ó bá wo ère ọba tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó ní 1957 yóò rí bí oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní ààyè tirẹ̀ lára. Nígbà tí wọ́n kó àwọn iṣẹ́ ọnà Ilé-Ifẹ̀ lọ pàtẹ ní ilẹ̀ Spain ní 2009 àti ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní London ní 2010, àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó ṣe ètò náà.

Síbẹ̀, ohun kan kù. Ohun tí a ti ṣe parí wà ní ìpamọ́, ìmọ̀ kẹ́mísírì sì ti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yíyọ́ dígí láti inú yanrìn ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ìwé lè sọ fún oníṣẹ́ ọnà pé karahun ìgbín ṣeé ṣe kí ó wà nínú rẹ̀. Ìwé kò lè sọ fún un bí àwọ̀ iná ti rí nígbà tí dígí bá tó fà. Ọwọ́ àti ojú ni ó ń mọ èyí, ẹnu sì ni ó ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́.

4.0 Bídà: Iná tí kò Kú

Láti rí iná náà, a ní láti kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá, kí a lọ sọ́dọ̀ àwọn Tápà, aládùúgbò àti àna Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní Bídà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ dígí tí à ń pè ní Masaga ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìran dé ìran. S. F. Nadel, tí ó gbé láàárín àwọn Tápà ní àwọn ọdún 1930, kọ̀wé nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1942. Ó ṣàlàyé pé ẹgbẹ́ tí ó pa ara rẹ̀ mọ́ ni: àwọn ìdílé oníṣẹ́ náà nìkan ni ó ń kọ́ ọ, wọ́n sì ní olórí kan tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé.

Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ nìyí. Inú ahéré róbótó ni iléru amọ̀ wà. Ẹnì kan jókòó sídìí ẹwìrì, ó ń fẹ́ ẹ láìdúró, nítorí bí atẹ́gùn bá dáwọ́ dúró, dígí yóò gan. Àwọn yòókù jókòó yí iléru ká. Oníṣẹ́ a fi ọ̀pá irin mú dígí tí ó ti rọ̀, a máa yí i lójú iná títí yóò fi di róbótó. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ni ó fẹ́ ṣe, a fi irin kejì kọ́ ihò àárín rẹ̀, a sì máa yí i kíákíá kí ó lè fẹ̀. Wọ́n lè fi dígí aláwọ̀ mìíràn fín ìlà sí i lára. Wọ́n ń fi orin bá ìró ẹwìrì rìn, nítorí náà orin yìí jẹ́ ìwọ̀n àkókò iṣẹ́ bí ó ti jẹ́ ìdárayá.

Ìgò ni ọ̀pọ̀ dígí tí wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n Nadel tún kọ̀wé nípa dígí dúdú kan tí wọ́n ń pè ní bikini, tí wọ́n fi yanrìn àti kánún pò fúnra wọn. Ìyàtọ̀ pàtàkì ni èyí. Ẹni tí ó yọ́ ìgò mọ bí a ti ń tún dígí ṣe. Ẹni tí ó ṣe bikini mọ bí a ti ń dá dígí sílẹ̀. Bí ìgò ti pọ̀ tó ni ìnira ṣíṣe bikini ń dín èrè rẹ̀ kù. Ìgò tí òwò gbé gba ojú Odò Ọya wá fi ohun èlò fún Masaga, ó sì mú kí ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ wọn dàbí ohun tí kò wúlò mọ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ìgò kì í tán lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí a ti ń po bikini lè tán.

Ohun tí Ilé-Ifẹ̀ ní, Bídà kò ní in: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ayé mọ̀ àti àwọn onímọ̀ tí ó ti yẹ ohun àtijọ́ wò dé inú. Ohun tí Bídà ní, Ilé-Ifẹ̀ ti sọ ọ́ nù: iná, ọwọ́ àti orin. Kò sí ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni èkejì ti kọ́ ọ, iṣẹ́ yìí kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé wọ́n nílò ara wọn.

5.0 Toledo: Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó Gba Iná Láàyè

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ìyapa ti wà láàárín ohun tí a tọ́jú àti iná tí a fi ṣe é. Títí di àárín ọ̀rúndún ogún, inú ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni a ti ń yọ́ dígí ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan a ya bí ohun yóò ti rí, òṣìṣẹ́ a sì ṣe é. Oníṣẹ́ ọnà tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan dígí gbígbóná kò ní ibi tí yóò ti ṣe é.

Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, jẹ́ ìlú ilé-iṣẹ́ dígí. Edward Drummond Libbey tí ó ni ilé-iṣẹ́ dígí wà lára àwọn tí ó dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà sílẹ̀ ní 1901. Ní 1962, Harvey Littleton, tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ amọ̀ ní Yunifásítì Wisconsin, rí ìrànlọ́wọ́ gbà lọ́wọ́ olùdarí ibẹ̀, Otto Wittmann. Wọ́n fún un ní gáréèjì kan ní àgbàlá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà láti kọ́ iléru kékeré sí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì ni wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún náà, àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta, èkejì ní oṣù kẹfà.

Dígí tí wọ́n kọ́kọ́ pò kò yọ́ bí ó ti yẹ. Dominick Labino, onímọ̀ nípa dígí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Johns-Manville, ni ó yọ wọ́n. Ó bá wọn tún iléru ṣe, ó sì fún wọn ní hóró dígí róbótó-róbótó tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe òwú dígí. Lẹ́yìn tí dígí yọ́ tán, ìṣòro mìíràn yọjú: kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fẹ́ dáadáa. Harvey Leafgreen, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Libbey tí ó ti fẹ̀yìntì, ni ó fi bí a ti ń fẹ́ dígí hàn wọ́n. Láti inú gáréèjì yìí ni iṣẹ́ ọnà dígí aládàáṣe ti tàn ká àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà àti òkè òkun.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ìtàn Toledo fún wa. Èkíní, kì í ṣe owó ńlá ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ààyè ni. Èkejì, ìmọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kò tó. Bí kò bá sí àgbà oníṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ì bá má yọrí. Ẹ̀kẹta, dígí tí ẹlòmíràn ti ṣe ni wọ́n tún yọ́, gẹ́gẹ́ bí Masaga ti ń yọ́ ìgò. Kò sí ẹni tí ó tìtorí èyí sọ pé iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ó bá bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀gbà Bídà nítorí ìgò tí a fi ṣe é, kí ó rántí Toledo.

Àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà yìí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dígí ti Corning ní New York, tí ó ṣílẹ̀kùn ní 1951, bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ tuntun rán oníṣẹ́ ọnà lọ́dọọdún láti 1986, ó sì dá ilé ìkọ́ṣẹ́ dígí sílẹ̀ ní 1996. Toledo fúnra rẹ̀ kọ́ ilé tuntun fún dígí ní 2006, iléru sì wà nínú rẹ̀ níbi tí àwọn àlejò ti ń wo oníṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

6.0 Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà Ìlẹ̀kẹ̀

Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ọnà dígí kò kú nígbà tí iná kú. Ó kọjá sínú ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wá. Òun ni àwọn oníṣẹ́ adé, bí ìdílé Adéṣínà ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, fi ń ṣe adé ọba. Jímọ̀h Buráímọ̀h ti Òṣogbo, tí ó ń bójú tó iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀, dara pọ̀ mọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier ṣe ní 1964. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlẹ̀kẹ̀ sórí pátákó bí ẹni ń kun ọ̀dà. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀ kúrò lórí adé wá sórí ògiri. Yusuf Grillo, tí ó gbé ayé láti 1934 sí 2021, ya fèrèsé dígí aláwọ̀ fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èkó.

Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ àtijọ́ àti ti òde-òní sí ojú kan náà. Ní 1998, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fowler ní Los Angeles ṣe àpàtẹ ńlá lórí ìlẹ̀kẹ̀ nínú àṣà Yorùbá. Henry John Drewal àti John Mason ni ó kọ ìwé tí ó bá a rìn. Adé àwọn ọba Nàìjíríà àti ìlẹ̀kẹ̀ àwọn olórìṣà ilẹ̀ Amẹ́ríkà jùmọ̀ wà nínú rẹ̀. Fred Wilson, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1992, ó tún ohun tí ó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Baltimore tò, tí ó fi ìdè ẹrú sí ẹ̀gbẹ́ ohun èlò fàdákà, kí ilé náà lè sọ ìtàn tí ó ti ń fi pamọ́. Nígbà tí ó ṣojú Amẹ́ríkà ní Venice ní 2003, dígí dúdú ti Murano ni ó fi ṣe fìtílà ńlá alásokọ́. Venice yìí kan náà wà lára ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ òwò ti ń wá sí ilẹ̀ wa.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà kò sọ pé kí a má jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn lo ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìdí ọmọ ẹni ni ó kọ́kọ́ tọ́ sí. Bí àpàtẹ tí ó dára jù lórí ìlẹ̀kẹ̀ Yorùbá bá jẹ́ ti Los Angeles, tí ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi ń ṣe adé sì ń ti òkèèrè wá, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilé ń ṣe.

7.0 Lọ́kọ́ja gẹ́gẹ́ bí Ibi Ìpàdé

Kì í ṣe pé Nàìjíríà kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ní àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ ìkòkò wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, lábẹ́ àmójútó Kofi Athey, ọmọ ilẹ̀ Gánà tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Michael Cardew. Ìkòkò ni wọ́n ń mọ níbẹ̀, kì í ṣe dígí, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni: iná wà ní ẹ̀gbẹ́ ohun tí a tọ́jú.

Lọ́kọ́ja yẹ fún irú ètò bẹ́ẹ̀ fún dígí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ ń sọ ìtàn ìmúnisìn, ìgò ọtí sì jẹ́ ẹ̀rí ìtàn náà. Àwọn Tápà ń gbé inú ìlú náà. Àwọn Ọwọ́rọ̀, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá, ń gbé inú rẹ̀ àti ní àyíká rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Yàgbà, Bùnú, Ìjùmú àti Owé wà nínú ìpínlẹ̀ Kogí kan náà. Ibi tí odò méjì ti pàdé ni èdè púpọ̀ ti pàdé pẹ̀lú. Iléru amọ̀ kékeré kan ní àgbàlá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, àgbà oníṣẹ́ kan láti Bídà, awalẹ̀pìtàn kan láti Ilé-Ifẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà díẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè dán yanrìn àti karahun ìgbín wò, kí wọ́n sì dán yanrìn àti kánún wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewu wà nínú ètò yìí tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Ìmọ̀ Masaga kì í ṣe ti gbogbo ayé. Òun ni oúnjẹ wọn, òun sì ni ogún ọmọ wọn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó bá pe àgbà oníṣẹ́ wá, tí ó ya fọ́tò rẹ̀, tí ó gba ohùn orin rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì tẹ àṣírí iná rẹ̀ jáde láìbéèrè, ti ṣe ohun kan náà tí àwọn tí ó ń wa ilẹ̀ Ìgbó Olókun fún títà ṣe. Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó sọ ohun tí ó ṣeé fi hàn àti ohun tí kò ṣeé fi hàn. Orúkọ oníṣẹ́ gbọdọ̀ wà lára ohun tí ó ṣe, kí owó ọ̀yà rẹ̀ sì jọ ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Bákan náà, ìlẹ̀kẹ̀ tuntun tí ó bá ti inú irú iléru bẹ́ẹ̀ jáde gbọdọ̀ ní àmì, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á gẹ́gẹ́ bí ohun àtijọ́.

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè nínú ètò yìí kì í ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ nìkan. Èdè-ìperí fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú àwọn yunifásítì wa. Èdè-ìperí fún iṣẹ́ ọwọ́ kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jókòó sídìí iléru lè kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Tápà ń lò fún ipò kọ̀ọ̀kan tí dígí wà sílẹ̀. Ó lè bi àwọn oníṣẹ́ adé léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe àwọ̀ àti ìwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀, kí ó sì wo èwo nínú ọ̀rọ̀ àgbẹ̀dẹ ni ó lè ṣiṣẹ́ fún dígí. Àkọlé inú àpótí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yóò wá lè jẹ́ sẹ̀gi kí ó tó jẹ́ dígí.

8.0 Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ohun tí a ti ṣe parí wà ní Ilé-Ifẹ̀, iná wà ní Bídà, orúkọ sì wà lẹ́nu àwọn tí ó ń lo ìlẹ̀kẹ̀. Ìtàn Toledo fi hàn pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sí ojú kan bí ó bá gbà láti yọ̀ǹda àgbàlá rẹ̀, tí ó sì bọ̀wọ̀ fún àgbà oníṣẹ́. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìmọ̀ tó fi hàn pé àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ni ó dá dígí tiwọn sílẹ̀, nítorí pé nígbà tí Frobenius dé, kò bá ẹnì kan nídìí iléru tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ já a ní irọ́. Nígbà tí ó ku àwọn tí ó mọ iṣẹ́ bikini, ó yẹ kí ẹni tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ jókòó tì wọ́n, kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì wá ààyè fún iná.